Àbẹ́là tí mo tàn fún ẹ̀gbọ́n mi

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fi àbẹ́là yẹn kan iná kó tó gbà. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn bí ogún ló jókòó yí mi ká ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn tí wọ́n ń pè ní Unitarian, wọ́n ń wò mí, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò wò mí, torí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó ti ẹni tó ń sunkún láì tẹjú mọ́ ọn. Nígbà tó gbaná tán mo gún un mọ́ inú iyanrìn tó wà nínú abọ́ kan báyìí tó fẹ̀ bí ọpọ́n, àbẹ́là yíyọ́ ti kán sí mi lẹ́yìn ọwọ́, ó gbóná, mi ò lè nù ún kúrò níbẹ̀ lójú gbogbo wọn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti ilé, mo ti tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ò ju "ẹ̀gbọ́n mi ni" lọ. Mo bá padà sórí àga mi.

Wọ́n dákẹ́. Ẹnì kankan ò sọ fún mi pé kí n má sunkún mọ́, wọn ò ní Ọlọ́run ló mọ̀ jù, wọn ò dìde wá gbá mi mọ́ra pàápàá (ká ní wọ́n ṣe ìyẹn ni, ǹ bá sá jáde). Ìyá àgbàlagbà kan ló kàn, ó tan tiẹ̀, ó ní ọmọ ọmọ òun ti rìn o, lánàá ló gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ó gún àbẹ́là ayọ̀ tiẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Méjèèjì ń jó lọ bẹ́ẹ̀. Mo ń wò wọ́n títí ìsìn fi parí, mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ìwàásù ọjọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi jù mí lọ. Àwọn ló sanwó iléèwé mi nígbà tí kò sówó nílé, àwọn ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́, àwọn náà ló sì máa ń ròyìn ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àtẹni tí ò fẹ́ gbọ́ pé àwọn ni. Ìyẹn ló máa ń bí mi nínú. Lọ́jọ́ kan lórí fóònù, ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan ló fà á, mi ò tiẹ̀ rántí ohun tó jẹ́ mọ́, mo sọ fún wọn pé wọn ò ṣoore rí láyé wọn àfi tí ẹnì kan bá ti wà ní ìtòsí tó máa yìn wọ́n. Wọ́n dákẹ́, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Wọ́n ní "ó dáa," wọ́n pa fóònù. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ó ti fọ́, mo kàn rò pé àyè ṣì máa wà láti gbá a jọ.

Ọdún kan àti oṣù méje la ò fi bára wa sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ ìbí mi wọ́n fi mẹ́sẹ́èjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àbúrò, ẹ̀mí ẹ á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé." Gbólóhùn kan péré. Mo kà á, wọ́n á sì ti rí i pé mo kà á torí àmì méjèèjì ti di búlúù, mi ò dá wọn lóhùn. Mo ní kó ṣì dùn wọ́n díẹ̀ sí i. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n kú, lójijì, wọn ò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá kí mi jẹ́ arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mò ń lọ nígbà yẹn. Ó jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó wá rọra bi mí pé ṣé wọ́n ti gba Jésù kí wọ́n tó lọ. Mi ò bínú sí i mọ́ o, ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń sọ, ó sì fẹ́ràn mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, èmi tó jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹ̀gbọ́n mi dárí jì mí kí wọ́n tó lọ, ó wá ń bi mí bóyá Ọlọ́run dárí jì wọ́n. Mo fọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ ẹ̀. Mi ò padà lọ síbẹ̀ fún bí oṣù mẹ́rin, èyí tí ò ṣẹlẹ̀ sí mi rí láti kékeré.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló pè mí lọ síbi tí mò ń sọ yìí. Ó ní Unitarian ni wọ́n, mo rò pé ẹgbẹ́ òṣèlú ló fẹ́ mú mi wọ̀. Ibi tí orúkọ yẹn ti wá ni pé wọn ò gba Mẹ́talọ́kan, wọ́n ní ọ̀kan ṣoṣo ni Ọlọ́run, Jésù sì jẹ́ èèyàn bíi tiwa tó sún mọ́ Ọlọ́run pẹ́kípẹ́kí. Wọ́n ti jìyà ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, torí irú ẹ̀ ni wọ́n ṣe dáná sun Michael Servetus láàyè ní Geneva lọ́dún 1553. Ṣùgbọ́n lóde òní ọ̀pọ̀ wọn ò fi ti Mẹ́talọ́kan da ara wọn láàmú mọ́. Onígbàgbọ́ wà níbẹ̀, ẹni tó ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Búdà wà níbẹ̀, ẹni tó ní òun ò rò pé Ọlọ́run kankan wà náà jókòó síwájú níbẹ̀, òun ló tiẹ̀ ń tẹ dùùrù. Kí n má purọ́ fún yín, ó rí bákan lára mi. Mo ní irú ṣọ́ọ̀ṣì wo lèyí, ṣé ọjà ni? Wọn ò ní ìjẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ kan tí gbogbo ìjọ jọ ń kà, Sọ́ńdè kan wà tí wọn ò dárúkọ Jésù rárá títí a fi túká, mo délé mo gbàdúrà lẹ́ẹ̀mejì láti fi dí i. Mo ṣì ń gbàdúrà láàárọ̀ àti lálẹ́ o, kí ẹ̀rù má ba ìyá mi tó bá ka èyí.

Ohun tó jẹ́ kí n fara balẹ̀ ni ìtàn Ferenc Dávid. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ló gbé ayé, ní Transylvania, tó wà lára Romania lónìí. Ó ti jẹ́ Kátólíìkì, ó di Lútérà, ó tún bọ́ sọ́dọ̀ àwọn ọmọlẹ́yìn Calvin, kó tó wá gúnlẹ̀ síbi Ọlọ́run kan ṣoṣo. Òun ni oníwàásù ààfin ọba John Sigismund, ìgbà tiwọn sì ni wọ́n ṣe òfin kan ní ìlú Torda lọ́dún 1568 pé kí oníwàásù kọ̀ọ̀kan máa wàásù bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yé e, kí ẹnikẹ́ni má sì jìyà torí ẹ̀sìn, torí ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́. Ní 1568 o! Nígbà tó jẹ́ pé káàkiri Yúróòpù ni wọ́n ti ń pa ara wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gbogbo wa ò lè sùn ká kọrí síbì kan náà, àwọn àgbà wa ti sọ ọ́, àmọ́ kí ọba kọ ọ́ sínú òfin, ìyẹn tún jẹ́ nǹkan míì. Òfin náà ò dáàbò bo gbogbo èèyàn, ẹ má jẹ́ ká pọ́n ọn jù. Ọba kú lọ́dún 1571, ẹlòmíì gorí oyè, wọ́n ní Dávid ti ń gbé ẹ̀kọ́ tuntun jáde ju bó ṣe yẹ lọ, inú ẹ̀wọ̀n ló kú sí ní Déva lọ́dún 1579. (Ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń fi sí i lẹ́nu, pé kò dìgbà tí èrò wa bá dọ́gba ká tó nífẹ̀ẹ́ ara wa. Wọ́n máa ń tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ pàápàá. Àwọn tó wá a nínú ìwé ẹ̀ ní àwọn ò rí i. Ó dùn mí díẹ̀, torí mo ti fẹ́ràn ẹ̀.)

Ohun tí mò ń rò ni pé tí wọ́n bá ti bi Dávid ní ìbéèrè tí arábìnrin yẹn bi mí, èwo nínú ìgbàgbọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ì bá mú jáde? Ẹ̀gbọ́n mi náà ò dúró lójú kan. Wọ́n ti ṣe kọ́yà rí, wọ́n ti gbààwẹ̀ ogójì ọjọ́ rí, ọdún méjì kan tún wà tí wọn ò tẹsẹ̀ bọ inú ṣọ́ọ̀ṣì rárá, tí wọ́n bá ní kí wọ́n gbàdúrà wọ́n á ní "ẹ ṣáà jẹ́ ká jọ dákẹ́ díẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nígbà yẹn, mo rò pé ọ̀lẹ ń ṣe wọ́n ni.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn Unitarian àti àwọn tí wọ́n ń pè ní Universalist da ìjọ wọn pọ̀ lọ́dún 1961. Àwọn Universalist wọ̀nyẹn, ohun tó mú wọn yàtọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n ní Ọlọ́run ò lè sọ ẹnì kankan nù títí ayé, pé bó pẹ́ bó yá gbogbo èèyàn ló máa délé. Mo kà á lálẹ́ ọjọ́ kan, mo tún un kà, mo pa ìwé náà dé, mo sùn. Mo sùn gan-an. Ó ti tó oṣù mẹ́fà tí mo ti sùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ dùn mọ́ mi ní gbogbo ìgbà o. Nígbà míì ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ jù, wọ́n á máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀ títí ara á fi máa yún èèyàn, wọ́n lè fi wákàtí kan jiyàn lórí bóyá kí wọ́n pa àga dà. Mo fẹ́ràn orin tó ń mi ilé, tiwọn kì í mi nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àbẹ́là yẹn ń fà mí padà. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n máa ń fi àyè ẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá ní ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ á jáde, á ti ara iná àárín yẹn mú iná, á sọ̀rọ̀ tàbí kó má sọ, á jókòó. Ó tán. Wọn kì í dáhùn. Ó pẹ́ kó tó yé mi pé àìdáhùn yẹn gan-an ni àánú tí wọ́n ń ṣe fún èèyàn, torí tí wọ́n bá dá mi lóhùn lọ́jọ́ kìíní yẹn ni, èmi ni màá tún máa tù wọ́n nínú pé ó ti dáa, ó ti dáa.

Iná àárín tí mo sọ yẹn, inú ife ńlá kan ló wà, wọ́n máa ń tàn án kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Èmi rò pé nǹkan àtayébáyé ni, mo bi ìyá tó tan àbẹ́là ọmọ ọmọ ẹ̀ yẹn, ó ní rárá o, ogun Hitler ló bí i. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hans Deutsch, ọmọ Austria, ayàwòrán, ó ti ń fi àwòrán bú Hitler, nígbà tí àwọn Jámánì ń bọ̀ ní Paris ó sá, ó sá títí dé Lisbon, ní ilẹ̀ Portugal. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ tí àwọn Unitarian ilẹ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ ti ń ran àwọn tó ń sá àsálà fún ẹ̀mí wọn lọ́wọ́. Ìwé ló ń gba ẹ̀mí là nígbà yẹn, ìwé tó bá sì ti ní àmì gidi lára ló ń wọ àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè lójú. Charles Joy tó ń darí iṣẹ́ náà ní Lisbon wá ní kí Deutsch bá àwọn ya àmì kan. Ọdún 1941 nìyẹn. Ó ya ife, ó ya iná sórí ẹ̀. Deutsch gan-an kì í ṣe Unitarian o. Nǹkan tí ẹni tó ń sá kiri yà kí ìwé ẹni tó ń sá kiri lè níyì ló wá di ohun tí èmi náà ń ti ara ẹ̀ mú iná.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, lọ́dún 1939, pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Waitstill Sharp àti ìyàwó ẹ̀ Martha ti kúrò ní Massachusetts lọ sí Prague, ní Czechoslovakia ìgbà yẹn, láti lọ ran àwọn tí Hitler ń lé lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni wọ́n ti bẹ̀ kó tó kan àwọn méjèèjì, gbogbo wọn kọ̀. Àwọn méjèèjì fi ọmọ méjì kéékèèké sílẹ̀ nílé, wọ́n lọ. Mo ti rò ó sọ́tùn-ún rò ó sósì, mi ò mọ̀ bóyá mo lè ṣe irú ẹ̀, mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó tọ́. Ó dùn fún ẹni tí wọ́n gbà là. Àwọn ọmọ yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ọ̀rọ̀ àṣàrò, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti gbóná. Alẹ́ Ọjọ́rú ni wọ́n máa ń ṣe é, èèyàn mẹ́fà méje. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ni wọ́n ti mú un, ó lọ báyìí: ẹ ó jókòó, ẹ ó dijú, ẹ ó máa ṣe àdúrà ire díẹ̀díẹ̀ nínú ọkàn. Kí ọkàn mi balẹ̀. Kí ara mi yá. Kí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn fi mí sílẹ̀. Ara ẹni lèèyàn ń kọ́kọ́ ṣe é fún, ó wá kan ẹni téèyàn fẹ́ràn, ó wá kan ẹni téèyàn ò fẹ́ràn tí ò kórìíra, bí awakọ̀ tó gbé ẹ láàárọ̀, ó wá kan ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ ni gbogbo ayé.

Ó dà bí eré ọmọdé, àbí? Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kìíní tí mo ṣe é, mi ò mọ ibi tí màá to ẹ̀gbọ́n mi sí. Mo fi wọ́n sí ipò ẹni tí mo fẹ́ràn, inú bí mi, gbogbo ìgbà tí wọ́n fi mí yangàn lójú àwùjọ ń padà wá. Mo gbé wọn lọ sí ipò ẹni tó ṣẹ̀ mí, omi bọ́ lójú mi, torí kẹ̀kẹ́ yẹn ni mo rí, bí wọ́n ṣe ń sáré tẹ̀ lé mi tí wọ́n di àga ẹ̀yìn mú, tí wọ́n ń pariwo "mo dì í mú, mo dì í mú," tí wọ́n sì ti fi í sílẹ̀ tipẹ́ tí mò ń dá gùn ún lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń gbé wọn kiri bí ẹrù. Lọ́sẹ̀ kẹrin, a bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ká kọ́kọ́ ṣe é fún ara wa, kí ọkàn mi balẹ̀, mo gbìyànjú, kò lọ. Kò lọ rárá. Mo sáà jókòó síbẹ̀, ẹnu mi gbẹ. Ó wá yé mi pé ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni mi ò rí ibi tò sí, èmi ni. Èmi ni mo wà ní ipò ẹni tó ṣẹ̀, èmi náà ni mo sì ń kọ̀ láti ṣe àdúrà yẹn fún un.

Mi ò yanjú ẹ̀ lálẹ́ yẹn. Mo kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìdí wá, mo ń ṣe é fún awakọ̀, fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, fún ọmọ wọn ọkùnrin tó ń lọ sí ọdún mẹ́tàdínlógún tí mi ò tíì lè pè látìgbà ìsìnkú torí ohùn ẹ̀ ti ń jọ ti bàbá ẹ̀. Tí mo bá ti ṣe é fún gbogbo wọn tán, màá wá fi ara mi há a ní kọ̀rọ̀ ìparí, bí ẹni tó ń wọ mọ́tò láìsanwó.

Nínú oṣù kẹfà wọ́n ṣe ìsìn òdòdó. Norbert Čapek, pásítọ̀ Unitarian kan, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Prague lọ́dún 1923. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ ẹ̀ ti ibi oríṣiríṣi wá, Kátólíìkì, Pùròtẹ́sítáǹtì, Júù, ọ̀pọ̀ ni ṣọ́ọ̀ṣì ti bà lọ́kàn jẹ́, tí wọn ò sì fẹ́ rí búrẹ́dì àti wáìnì mọ́, ó wá ń wá nǹkan tí gbogbo wọn lè jọ ṣe. Ó ní kí kálukú mú òdòdó kan wá, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò òdòdó, tí wọ́n bá ń lọlé kí kálukú mú ọ̀kan, èyí tí kì í ṣe tiẹ̀. Lọ́dún 1941 àwọn Gestapo, ọlọ́pàá ìkọ̀kọ̀ Hitler, mú un pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ obìnrin, ẹ̀sùn ni pé wọ́n ń gbọ́ rédíò òkèèrè. Ó ń kọ orin nínú ẹ̀wọ̀n. Wọ́n gbé e lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni Dachau, ọdún 1942 ni wọ́n fi gáàsì pa á ní Hartheim, ní Austria. Ìyàwó ẹ̀ Maja ti wà ní Amẹ́ríkà nígbà náà, òun ló kọ́ àwọn tibẹ̀ ní ìsìn òdòdó yẹn. Ogun parí kó tó mọ̀ pé ọkọ òun ti kú. Ọdún mélòó kan ló fi ń bá àwọn èèyàn pín òdòdó ọkọ ẹ̀ tí kò mọ̀ pé òkú lòun ń rántí.

Èmi gbàgbé òdòdó sílé lọ́jọ́ náà, kò yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti mú àlékún wá torí irú èmi. Nígbà tó kàn mí láti mú, àwọn tó rẹwà ti tán, èyí tó kù sọ́wọ́ mi jẹ́ funfun, kékeré, kòkòrò ti jẹ ẹ́ létí, ihò roboto méjì. Mo fẹ́ dá a padà, ọmọdé kan tó wà lẹ́yìn mi ní "èmi ni mo mú ìyẹn wá." Ó ń wò mí lójú. Mo ní ó ṣé, ó dáa gan-an. Ó ní òun mọ̀. Mo fi í sáàárín ìwé kan nílé, ó ti gbẹ, ihò méjèèjì ṣì wà níbẹ̀.

Ìgbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí ẹni tó bá ní òkú tó fẹ́ rántí kọ orúkọ ẹ̀ wá. Wọ́n máa ka orúkọ wọn, wọ́n á lu agogo kékeré lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ní kíkún, mo fi àmì sí i gbogbo. Ẹni tó ń kà á kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ó kà á, ó di nǹkan míì. Ẹ̀yin náà mọ bí orúkọ wa ṣe máa ń dà tí wọ́n bá pè é lódì, ó di orúkọ ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Wọ́n ti fẹ́ lu agogo. Mi ò mọ ìgbà tí mo dìde. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é, mo pè é. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kú, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo pe orúkọ wọn síta, torí Bọ̀ọ̀dá la máa ń pè wọ́n nílé, àbúrò kì í dárúkọ ẹ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí n jọ̀ọ́ kí n tún un pè. Mo tún un pè. Ó gbìyànjú, ó kù díẹ̀, ó tún gbìyànjú, ó bọ́ sí i. Wọ́n wá lu agogo.

Lẹ́yìn ìsìn, ìyá tó tan àbẹ́là ọmọ ọmọ ẹ̀ sọ fún mi pé òun máa rí ọkọ òun lókè, òun mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tẹ dùùrù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní ní tòun o, téèyàn bá kú ó ti tán nìyẹn, ìyẹn ló fi yẹ ká máa pe orúkọ wọn. Wọ́n ti jọ ń bá ara wọn sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láti ogún ọdún, inú ò bí ẹnì kankan. Èmi dúró láàárín wọn, mo fẹ́ kí ti ìyá yẹn jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti atẹdùùrù ni mo gbé lọ sílé.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣí WhatsApp. Mi ò tíì pa nọ́ńbà wọn rẹ́. Mẹ́sẹ́èjì yẹn ṣì wà níbẹ̀, ẹ̀mí ẹ á ṣe púpọ̀ ẹ̀ láyé. Mo tẹ èsì sábẹ́ ẹ̀, "Ẹ ṣé, Bọ̀ọ̀dá. Àmín. Ẹ má bínú sí mi." Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa kà á. Àmì kan ló yọ, ó dúró bẹ́ẹ̀ ní àmì kan. Mo gbé fóònù sílẹ̀, ara mi fúyẹ́, mo gbàgbé ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn, mò ń ká aṣọ lọ́wọ́, fóònù mi dún. Orúkọ tó wà lójú ẹ̀ ni Bọ̀ọ̀dá.

Ẹ bá mi rò ó. Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbé e, mi ò lè sọ̀rọ̀, ohùn tó sì wọlé jọ ohùn wọn débi pé orúnkún mi yẹ̀. "Àǹtí, ẹ káalẹ́ mà. Èmi ni o. Mọ́mì ní kí n máa lo láìnì Dádì, ìsinsìnyí ni mo tàn án." Ó dákẹ́ díẹ̀. "Mo rí mẹ́sẹ́èjì tí ẹ kọ sí wọn. Kí lẹ ṣe fún Dádì mi tí ẹ fi ń bẹ̀ wọ́n?"

Mo jókòó sórí aṣọ tí mò ń ká. Mo ní ó máa pẹ́ díẹ̀ o, ṣé iṣẹ́ ò wà níwájú ẹ̀, kó wá ibi jókòó sí.

Ó ní òun ti jókòó, mà.